Aṣọ Ìyeyè Lára Àgbá Epo

"Ọmọ tó gbọ́ràn ni," Ọ̀gá Benedict wí, ó sì gbé ife omi tí a fún un sílẹ̀ láì mu nínú rẹ̀. "Bàbá, nínú gbogbo àwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ wa, kò sí èyí tó gbọ́ràn tó Zulkifli."

Ọjọ́ fìdáù Zulkifli, ọmọ mi, ni. Àwọn àlùfáà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àdúà tán, àwọn aládùúgbò ń jẹ sàárà lábẹ́ tàpólì tí a ta sójúde, èmi sì jókòó sínú pálọ̀ mi ní Òṣooro, mò ń wo bàtà ọkùnrin náà. Bàtà aláwọ tó ń dán ni, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ pupa lẹ̀ mọ́ etí rẹ̀. Kò sí irú ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà tiwa. Ọ̀nà Akótógbò ni wọ́n ti ń rí i.

Kò wá lọ́wọ́ òfo. Prosper, awakọ̀ rẹ̀, gbé kẹ́ẹ̀gì epo pupa kan wọlé, ó sì gbé e kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà yàrá tí ìyàwó mi, Mọ̀dínátù, wà. Mọ̀dínátù kò jáde. Ọ̀gá Benedict béèrè pé ṣé wọn kò ní í jẹ́ kí òun rí ìyá ọmọ ni. Mo ní ó ń sinmi. Kò sinmi. Mò ń gbọ́ bí ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà rẹ̀ ṣe ń kan ara wọn nínú yàrá náà.

"Ẹ ní kí wọ́n fi epo yẹn se nǹkan fún àwọn àlejò," ọkùnrin náà tún wí. "Epo tó dára ni. Omi ò kàn án rárá."

Nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀, Prosper yí ojú rẹ̀ sí ògiri. Mo rí i, ṣùgbọ́n n kò tíì mọ ohun tó fà á. Mo dìde, mo gbé kẹ́ẹ̀gì náà, mo sì gbé e jáde lọ síbi tí ọkọ̀ wọn wà. Ó wúwo fún ẹni ọjọ́ orí mi. Àwọn èèyàn dìde láti bá mi gbé e, n kò gbà fún wọn.

*

Zulkifli nìkan ni Ọlọ́run fi sílẹ̀ fún wa nínú àwọn ọmọ tí a bí. Ó pẹ́ kó tó rìn, ó sì pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ kó tó sọ̀rọ̀. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń kàwé, òun ṣì ń kọ́ bí a ṣe ń de bọ́tìnnì. Ṣùgbọ́n nígbà tó dàgbà, agbára rẹ̀ ju tèmi lọ. Ó lè hú ẹ̀gẹ́ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán láì sinmi. Òun ló ń bá ìyá rẹ̀ mọ ẹ̀gẹ́ tí a fi ń ṣe púpurú ní roboto roboto, kò sì sí ẹni tó lè dúró ti iná tí wọ́n fi ń yan án bíi tirẹ̀, nítorí èéfín kì í lé e. Ohun tí kò lè ṣe ni kí ó jáde nílé kí ó sì padà wá. Bí a bá rán an níṣẹ́, ìkóríta àkọ́kọ́ ló ń rú u lójú. Ibẹ̀ la ti máa ń lọ mú un, àwọn ọmọ kékeré á ti yí i ká, wọ́n á máa pè é ní ọ̀dẹ̀, òun náà á sì máa bá wọn rẹ́rìn-ín.

Èmi àti Mọ̀dínátù kì í ṣe ọmọdé mọ́. Ohun kan ṣoṣo la ń bẹ Ọlọ́run fún: kí ọmọ yìí mọ ọ̀nà ilé rẹ̀ kí a tó lọ. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ta ni yóò máa lọ mú un ní ìkóríta lẹ́yìn wa?

Nítorí náà, nígbà tí a gbọ́ pé kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Òkìtìpupa ti ṣí ẹ̀ka fún àwọn ọ̀dọ́ àkàndá tí òye wọn kì í tètè mú nǹkan, èmi fúnra mi ni mo mú un lọ. Wọ́n ní wọn yóò kọ́ wọn bí èèyàn ṣe ń dá gbé: bí a ṣe ń dáná tí a sì ń pa á, bí a ṣe ń lọ sọ́jà, bí a ṣe ń wọ ọ̀kadà lọ tí a sì ń wọ̀ ọ́ bọ̀. Ọ̀gá Benedict ni olórí ẹ̀ka náà. Láti ọjọ́ Ajé ni Zulkifli ti máa ń wà nílé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ọjọ́ Ẹtì ni mo máa ń lọ mú un wálé.

Olùkọ́ tó ń kọ́ wọn ń jẹ́ Motọ́lání, ọmọ Ìkìrun, obìnrin tí kì í pariwo. Èdè tirẹ̀ kì í ṣe Ìkálẹ̀ tí a ń sọ nílé, ẹ̀rù sì kọ́kọ́ bà mí pé ọmọ mi kò ní í gbọ́ ọ. Kò pẹ́ tí Zulkifli fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bíi tirẹ̀, tí ìyá rẹ̀ sì ń pè é ní ará òkè.

Motọ́lání ṣàlàyé fún mi pé bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn ni òun ṣe ń kọ́ wọn. Ó ya aṣọ aláwọ̀ ìyeyè kan sí wẹ́wẹ́, ó sì fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìrépé kan. Bí ó bá mú ọ̀kan nínú wọn jáde, ó lè so aṣọ náà mọ́ òpó, tàbí mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì, tàbí mọ́ igi. Ohun tó ń sọ fún wọn kò ju pé: ibi tí aṣọ yìí bá wà ni ibi tí ìwọ náà wà, ẹni tó so ó ni yóò tú u. Akẹ́kọ̀ọ́ náà á dúró tì í títí Motọ́lání yóò fi padà dé. Inú ọgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n bọ́ sí ẹnu géètì, nígbà tó yá wọ́n dé àárín ọjà, níbi tí ariwo wà tí àwọn èèyàn sì ń tì wọ́n síwá sẹ́yìn.

Mo bi í pé kí ni ìwúlò ìdúró fún ẹni tí a fẹ́ kí ó mọ lílọ.

"Bàbá, ẹni tí kò bá tíì lè dúró, kò ṣeé kọ́ ní lílọ," ó dá mi lóhùn. "Bó bá sọnù mọ́ mi lọ́wọ́ lónìí, wọn ò ní í jẹ́ kí n mú un jáde mọ́ lọ́la. Ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ mọ èyí."

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, mo bá a ní ìkóríta tó wà lẹ́bàá kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, níbi tí àwọn ọlọ́kadà ti máa ń dúró de èrò. Aṣọ ìyeyè wà lára òpó àtíbàbà wọn, Zulkifli sì dúró tì í ṣánṣán. Àwọn ọlọ́kadà ti sọ ọ́ di eré.

"Zulu, ìyàwó rẹ lo ń dúró dè?"

"Àǹtí ni."

"Ṣé Àǹtí yẹn ló máa fẹ́ ẹ ni?"

Zulkifli rò ó díẹ̀. "Ó ti lọ́kọ," ó wí. "Ẹ̀yin náà, ẹ lọ wáṣẹ́ ṣe. Láti àárọ̀ lẹ ti jókòó síbí."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Èyí tó ń jẹ́ Dominic nínú wọn ní kí ó gun ẹ̀yìn òun kí òun gbé e rìn yí ká ìlú lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ mi fẹ́ràn ọ̀kadà ju oúnjẹ lọ. Ó wo alùpùpù náà, ó sì gbé ọwọ́ lé aṣọ náà. Èmi pẹ̀lú sún mọ́ ọn, mo ní ó yá, kí a máa lọ sílé. Ó mi orí. Bàbá tó bí i lọ́mọ ni mí, kò sì tẹ̀ lé mi. Ìgbà tí Motọ́lání jáde láti inú ṣọ́ọ̀bù kan tó ti ń wò wá, tó sì tú aṣọ náà, ni Zulkifli tó dọ̀bálẹ̀ kí mi.

Inú mi dùn lọ́jọ́ náà. N kò ní parọ́. Nígbà tó ṣe, ó dá lọ ra iyọ̀ fún ìyá rẹ̀ láti ilé wa dé ṣọ́ọ̀bù tó wà lójú ọ̀nà, ó sì mú un bọ̀. Mọ̀dínátù kò fi iyọ̀ náà sebẹ̀. Ó gbé e sórí pẹpẹ, bí ó ti wà nínú ọ̀rá, ó ń fi í han ẹni tó bá wá kí wa.

Motọ́lání ní ẹ̀kọ́ kejì ló kàn. Ó ní òun fẹ́ fún un láyè díẹ̀ sí i.

*

Ọ̀gá Benedict ní oko ọ̀pẹ ní Akótógbò, ó sì ní ibi ìfúnpo tirẹ̀ níbẹ̀. Kì í ṣe àṣírí. Ṣùgbọ́n ìpàdé àwọn òbí ni a ti kọ́kọ́ gbọ́ pé àwọn ọmọ wa yóò máa lọ síbẹ̀. Ó dìde, ó ṣàlàyé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ dídùn pé ẹ̀kọ́ ojú iṣẹ́ ni. Pé kò sí òmìnira fún ẹni tí kò bá mọṣẹ́. Pé àwọn ọmọ yóò mọ bí a ṣe ń yọ ẹyìn, bí a ṣe ń sè é, bí a ṣe ń fún un. Àwọn òbí pàtẹ́wọ́. Mo béèrè pé ta ló ni epo tí wọ́n bá fún. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní àwọn yóò jíròrò lórí ìyẹn.

Motọ́lání náà dìde. Ó ní èyí kọ́ ni wọ́n tìtorí rẹ̀ dá ẹ̀ka náà sílẹ̀. Ó ní iṣẹ́ alágbàṣe ni Ọ̀gá fẹ́ kí àwọn ọmọ yìí máa ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, àti pé bí wọ́n bá ń lo ọ̀sẹ̀ wọn lóko, a jẹ́ pé wọn kò ní í kọ́ ìyókù ohun tí wọ́n wá kọ́.

Ìyá Rokibat ló dá a lóhùn. Ọmọbìnrin rẹ̀ ni Rokibat, ẹgbẹ́ Zulkifli ní kíláàsì, àdúgbò wa ni wọ́n sì ń gbé. "Àǹtí, ẹ má bínú o," ó wí. "Ilé yín kọ́ ló jókòó sí láti ọjọ́ yìí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ. Ó sàn ju kí ó máa wò mí lójú láti òwúrọ̀ dalẹ́."

A tún pàtẹ́wọ́ fún òun náà. Kí oṣù tó parí, wọ́n ti gbé Motọ́lání lọ sí Àkúrẹ́. Kò sí ẹni tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Àwọn aṣọ ìyeyè rẹ̀ kù sọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Láti ìgbà náà, bí Zulkifli bá wálé lọ́jọ́ Ẹtì, òórùn epo ni yóò gbé wálé. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó níbi tí ẹ̀gún ẹyìn ti gún un. Mo bi í pé kí ló ń ṣe níbẹ̀. Ó ní òun ń yọ ẹyìn, lẹ́yìn náà òun ń dúró.

Mo lọ bá Ọ̀gá Benedict ní ọ́fíìsì rẹ̀, mo ní mo fẹ́ mú ọmọ mi kúrò níbi iṣẹ́ epo. Ó ní bí n kò bá fẹ́ iṣẹ́ epo, kí n mú un lọ sílé pátápátá, nítorí kò sí ẹ̀kọ́ mìíràn tí wọ́n ń kọ́ wọn lásìkò yẹn. Ó ní ṣùgbọ́n kí n ní sùúrù, pé bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, olùkọ́ mìíràn yóò dé. Mo rò ó dé ilé. Mo sọ ọ́ fún Mọ̀dínátù. Ó wo iyọ̀ tó wà lórí pẹpẹ. Ó ní kí a ní sùúrù.

Àárín òjò ni wọ́n gbé e wálé fún wa. Kì í ṣe ọjọ́ Ẹtì. Prosper àti ọkùnrin kan ló dì í mú lápá méjèèjì, wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e. Wọ́n ní ibà ni, pé láti ìjẹta ni àwọn ti ń fún un ní oògùn nílé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó bá gbọ́ bí ó ṣe ń mí yóò mọ̀ pé kì í ṣe ibà. Mo gbé e lọ sí ọsibítù. Dókítà gbé nǹkan lé àyà rẹ̀, ó fetí sí i, ó sì béèrè ibi tí a ti wà láti ọjọ́ yìí. Ó ní òtútù ti wọ ọmọ yìí dé inú ẹ̀dọ̀fóró.

Zulkifli sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó ṣí ojú, ó wò mí.

"Bàbá, wọ́n ti tú u?"

Mo rò pé abẹ́rẹ́ omi tó wà ní apá rẹ̀ ló ń wí. Mo fẹ́ sọ fún un pé wọn kò tíì tú u, pé omi náà ń ṣe é lóore. Ìyá rẹ̀ ló ṣáájú mi.

"Wọ́n ti tú u, ọmọ mi."

Ó mí kanlẹ̀, ó sì di ojú. Kò ṣí i mọ́. A sin ín kí oòrùn tó wọ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wa ti wí.

*

N kò mọ ohun tó mú Prosper kọjú sógiri lọ́jọ́ fìdáù, àfìgbà tí mo gbé kẹ́ẹ̀gì epo náà dé ẹ̀yìn ọkọ̀ wọn tí òun náà sì tẹ̀ lé mi. Ó wẹ̀yìn bóyá ọ̀gá rẹ̀ ń bọ̀. Ó ní kí n jẹ́ kí òun sọ ọ́, kó má pa òun.

Ó ní òun ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, pé eré ni òun fi ṣe. Àwọn alágbàṣe tí Ọ̀gá ní tẹ́lẹ̀ máa ń jí epo, àwọn ọmọ àkàndá náà sì máa ń rìn kiri inú oko. Lọ́jọ́ kan, òun yọ aṣọ ìyeyè Zulkifli lápò rẹ̀, òun so ó mọ́ àgbá epo, Zulkifli sì lọ dúró tì í. Ọ̀gá rí i, inú rẹ̀ dùn. Láti ọjọ́ náà ni wọn kò ti gba ọdẹ tó ń ṣọ́ epo mọ́.

Lọ́jọ́ òjò náà, wọ́n gbé ìdajì epo lọ fún oníbàárà kan ní Òde-Ìrèlè, wọ́n kó àwọn ọmọ yòókù sínú ọkọ̀, wọ́n sì fi Zulkifli ti ìyókù epo. Wọ́n ní àwọn ń padà bọ̀. Oníbàárà náà se oúnjẹ fún Ọ̀gá. Òjò dé, ọ̀nà di ẹrẹ̀.

"Mo sọ fún wọn, Bàbá. Mo ní, Ọ̀gá, Zulkifli ń bẹ níbẹ̀ o." Prosper tún wẹ̀yìn. "Wọ́n ní ìyẹn gan-an ló fi àwọn lọ́kàn balẹ̀. Wọ́n ní epo ò lè sọnù tí Zulkifli bá wà níbẹ̀."

Wọ́n sùn sí Òde-Ìrèlè. Nígbà tí wọ́n padà dé láàárọ̀, ó ṣì dúró níbẹ̀. Ìdérí àgbá kan ti fọ́, ó sì ti bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò rẹ̀, ó ká wọn pọ̀, ó fi bo ojú ibẹ̀. Ahéré wà níwájú rẹ̀, ibi tí ẹni bá ju òkúta yóò dé. Kò wọ inú rẹ̀.

Mo bi Prosper pé kí ni Ọ̀gá rẹ̀ ṣe nígbà tí wọ́n dé.

"Wọ́n ṣí àgbá náà wò," ó wí. "Omi ò wọ̀ ọ́."

Mo wo kẹ́ẹ̀gì tó wà láàárín wa. N kò béèrè bóyá inú àgbá náà ni wọ́n ti bù ú. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

*

Motọ́lání wá láti Àkúrẹ́ nígbà tó gbọ́. Orí ẹní ni òun àti Mọ̀dínátù jókòó sí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un bí Prosper ti sọ ọ́.

Ó ní ẹ̀kọ́ kejì ni pé kí àwọn ọmọ náà mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn tú aṣọ náà: bí òjò bá dé, bí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú, bí ẹnì kan bá fẹ́ pa wọ́n lára. Kí wọ́n tú u, kí wọ́n wọ ibi tó sún mọ́ wọn, kí wọ́n sì ní kí ẹni tí wọ́n bá níbẹ̀ bá wọn pe ilé. Ó ti ra agolo kan tó ń ró bí òjò bí a bá da omi sí i lórí, èyí tí òun fẹ́ máa fi kọ́ wọn. Ó ṣì wà nínú ẹrù rẹ̀ ní Àkúrẹ́.

"Ìdúró ni mo kọ́ wọn," ó wí. "N kò tíì kọ́ wọn ní lílọ tí wọ́n fi ní kí n lọ."

Mọ̀dínátù gbé ọwọ́ lé e léjìká. N kò rí i kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíì láti ọjọ́ tí a ti sin ọmọ wa.

Mo wọ aṣọ, mo lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tí wọ́n ní ó ń bójú tó irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin tó wà nídìí tábìlì fetí sí mi dáadáa, ó ń pè mí ní Bàbá. Nígbà tí mo parí, ó béèrè bóyá wọ́n na ọmọ náà. Mo ní wọn kò nà án. Bóyá wọ́n tì í mọ́lé. Mo ní ìta gbangba ló wà. Bóyá wọ́n dè é.

"Aṣọ ni wọ́n so," mo wí.

"Mọ́ ara rẹ̀?"

"Mọ́ ara àgbá."

Ó fi bírò sílẹ̀. Ó ní òun bá mi kẹ́dùn gidigidi, ṣùgbọ́n bí ó ti yé òun, ọmọ náà lè kúrò níbẹ̀ nígbà tó bá wù ú. Nígbà tí mo ń dìde ni mo rí kẹ́ẹ̀gì epo pupa kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì rẹ̀. N kò sọ pé ibì kan báyìí ló ti wá. Epo pọ̀ nílẹ̀ wa.

Lẹ́yìn èyí, kò sí ibòmíràn tí mo lè lọ. Mo wá fẹ́ rí ilẹ̀ tí ọmọ mi dúró lé. Dominic, ọlọ́kadà tó máa ń bá a ṣàwàdà, ló gbé mi lọ sí Akótógbò. Kò gba owó lọ́wọ́ mi. A yà sínú oko náà.

Kò sí ariwo níbẹ̀. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ti lọ. Mo rí ẹ̀rọ ìfúnpo, mo rí òkìtì ẹyìn, mo rí ahéré tí Prosper wí. Mo rí àwọn àgbá epo lórí ìlà níta gbangba. Ẹnì kan dúró tì wọ́n.

Rokibat ni. Aṣọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ló wọ̀, ó sì fi ìborùn funfun bo orí. Aṣọ ìyeyè wà lára àgbá tó sún mọ́ ọn jù. Ó kúnlẹ̀ nígbà tó rí mi.

"Bàbá Zulu, ẹ káàsán."

Mo bi í pé ta ló mú un wá. Ó ní Ọ̀gá ni. Mo bi í pé níbo ni wọ́n lọ. Ó na ìka sí ojú ọ̀nà. Òjò ti ṣú dùdù láti ìhà ilẹ̀ àwọn Ìjọ̀, afẹ́fẹ́ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn imọ̀ ọ̀pẹ. Mo ní kí ó jẹ́ kí a wọ inú ahéré. Ó mi orí. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń mi orí náà.

Mo bẹ̀rẹ̀, mo tú aṣọ ìyeyè náà. Ìka mi kò yá mọ́, ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó tú u. Mo fi sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Ṣé o rí i? A ti tú u. Máa bọ̀."

Ó wo aṣọ náà, ó sì wò mí bí a ti ń wo ọmọdé tó ba nǹkan jẹ́ láì mọ̀. Lẹ́yìn náà ó tẹ̀ síwájú, ó so ó padà. Kò kánjú. Ó fi eyín di ètè mú títí ó fi ta kókó rẹ̀ tán.

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ so ó," ó wí.

"Òjò ń bọ̀, Rokibat."

"Mo mọ̀." Ó fọwọ́ kan ìborùn orí rẹ̀. "Màá fi èyí bo epo."

"Ta ló ní kí o fi ìborùn rẹ bo epo?"

"Ọ̀gá ni. Wọ́n ní kí gbogbo wa dìde dúró fún Zulkifli láàárọ̀, a sì dìde. Wọ́n ní ọmọ tó gbọ́ràn ni." Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó rò pé inú mi yóò dùn. "Wọ́n ní kí a máa ṣe bíi Zulkifli."

Dominic ti yí alùpùpù rẹ̀ padà. Mo ní kí ó lọ pe ìyá Rokibat, kí ó má sì dúró níbì kankan. A ń gbọ́ ìró rẹ̀ títí ó fi jáde kúrò nínú oko tí a kò gbọ́ ọ mọ́. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Mo ṣí agbòjò mi, mo sún mọ́ ọmọbìnrin náà, mo sì nà án sórí rẹ̀.

Ó di apá mi mú jẹ́jẹ́. Ó sún agbòjò náà kúrò lórí ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi bo ẹnu àgbá.